Ìbéèrè àti ìdáhùn: ìwádìí mi lórí Yorùbá ilẹ̀ Òkun, àti ohun tí mò ń ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀

Bí mo bá ti dé ilé ní Ìjùmú, ìbéèrè tí tẹbí tọ̀rẹ́ máa ń bi mí kì í yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́ náà ní tiwọn. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá wọn lóhùn tí a bá jọ jókòó. Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ni mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kí gan-an lò ń kọ́ ní yunifásítì?

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fi gboyè àkọ́kọ́, òun náà ni mo ń kà fún oyè kejì. Ẹ̀ka tí mo wà ni èyí tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ọmọ ènìyàn: kí ó gbọ́ ohun tí a sọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì lè fèsì. Gbígbọ́ àti kíkọ sílẹ̀ ni èmi gbájú mọ́. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, tí fóònù sì sọ ọ̀rọ̀ yín di lẹ́tà, ohun tí mò ń kọ́ nìyẹn. Yorùbá tí mo ń ṣe iṣẹ́ náà lé lórí ni èyí tí à ń sọ ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogi: ti Owé ní Kàbà, ti Ìjùmú, ti Yàgbà, ti Bùnú, àti ti Ọ̀wọ́rọ̀ lápá Lọ́kọ́ja.

Ṣé o lè bá mi tún fóònù mi ṣe?

Bó bá jẹ́ ètò inú rẹ̀ ló dàrú, mo lè bá yín wò ó. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló fọ́ tàbí bátìrì ló kú, àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà ni kí ẹ gbé e fún. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Fóònù ti ń gbọ́ Yorùbá báyìí. Kí ló tún kù láti ṣe?

Ó ń gbọ́ díẹ̀, òótọ́ ni. Whisper, ètò tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, ní Yorùbá lára àwọn èdè tó lè kọ sílẹ̀. Ohùn wákàtí 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èdè yòókù, tí wọ́n lé ní 90, ló wá pín èyí tó kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tó máa kan Yorùbá kò ní tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kejì ni irú Yorùbá tó wà níta fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó rọrùn jù láti rí ni ti àwọn tó ń ka nǹkan sókè: ẹni tó ń ka Bíbélì, ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹni tí wọ́n fún ní gbólóhùn kan pé kó kà á sínú fóònù. Ẹni tó bá ń ka ìwé, Yorùbá inú ìwé ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ Ìsánlú ní Yàgbà tàbí ọmọ Abẹ́òkúta.

Ní 2024, àwọn olùwádìí kan gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní YORÙLECT. Yorùbá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èyí tí gbogbo wa jọ ń lò, ti Ifẹ̀, ti Ìjẹ̀bú àti ti Ìlàjẹ. Wọ́n fi dán àwọn ètò tó wà wò, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá ti kúrò lórí Yorùbá àjùmọ̀lò, àṣìṣe àwọn ètò náà ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á, torí ohun tí à ń sọ lẹ́nu lásán tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Òkun kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àyè yẹn ni iṣẹ́ mi fẹ́ dí.

Ṣé Yorùbá kọ́ là ń sọ ni? Kí ló dé tí kò fi ní gbọ́ wa?

Yorùbá ni. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá kà á mọ́ ọn, wọ́n ní Yorùbá apá ìlà-oòrùn àríwá ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí Yorùbá ṣe di ohun tí à ń kọ sílẹ̀. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ títí Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884. Ọmọ Ọ̀ṣoògùn ni, Yorùbá Ọ̀yọ́ ló sì jẹ́ òpó ohun tí wọ́n kọ. Ọkùnrin yìí mọ apá ibi tí a wà: ó bá àwọn òyìnbó tó wá sí odò Ọya ní 1841 dé ibi tí odò náà àti Bẹ́núé ti pàdé. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba wa ló wọ inú ìwé náà. Nígbà tí Tommy Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere láti ẹgbẹ́ SIM, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà ní 1908, Bíbélì Yorùbá ti wà lódidi. Òun náà là ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.

Ìjọba náà tún pa kún un. Ẹkùn Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́, lábẹ́ Kabba Province. Ní 1967 a bọ́ sí ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, a di ara Kogi. Ní gbogbo àkókò yìí, ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń kọ ìwé Yorùbá tí à ń kà. Ọmọ á sọ ti Owé nílé, á ka ti Ọ̀yọ́ ní kíláàsì, á sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí tó wà nínú ìwé ni ojúlówó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní ibi tí yóò ti kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ó yé wa. Bí ètò náà bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, kò ní fi àyè sílẹ̀, kò sì ní sọ pé òun kò gbọ́. Á wá ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tí ìró rẹ̀ sún mọ́ èyí tí ẹ sọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an lẹ sọ. Ìyá àgbà á sọ gbólóhùn Yàgbà tó dán mọ́rán, ohun tó máa jáde lójú fóònù á jẹ́ gbólóhùn Yorùbá mìíràn tí kò sọ rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọ nù. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì jẹ́ kí n yan ẹ̀ka yìí.

Àmì ohùn ńkọ́? Ṣé kọ̀ǹpútà lè gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀?

Ó lè gbọ́ ọ, àmọ́ ó le. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, tán-án-ná ọ̀nà ọ̀fun ń gbọ̀n. Bó bá gbọ̀n kíákíá, ohùn á ga, bó bá rọra gbọ̀n, ohùn á rẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè ka iye ìgbà tó gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí iye kan pàtó tó jẹ́ ohùn òkè. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdébìnrin kan lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ. Bákan náà, bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn ni ohùn ń rọra wálẹ̀, tí ohùn òkè tó wà níparí á fi rẹlẹ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀. Etí wa ń ṣe ìṣirò yẹn láìjẹ́ pé a mọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ́ bí yóò ṣe máa fi sílébù kan wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe kí ó kàn wo bó ṣe ga tó.

Èyí tó tún ń gba àkókò mi ni bí a ṣe ń tẹ àmì náà. Ẹ wo lẹ́tà ẹ́. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì la máa tò pọ̀. Ẹnì kan á tẹ ẹ, á fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn á tẹ é, á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹ lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí ẹ fúnra yín tẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ní kò sí níbẹ̀. Unicode ní ọ̀nà tí a fi ń sọ oríṣi méjèèjì di ọ̀kan, a sì máa ń ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìlà kékeré tó dúró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, ọ̀nà yẹn kò lè ràn án lọ́wọ́, torí àmì mìíràn pátápátá ni ìlà yẹn. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń wá irú rẹ̀ tí ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò hàn lójú ẹnikẹ́ni ni, àmọ́ bí a kò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ kan á di mẹ́ta lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ìwọ̀nba díẹ̀ tí a kó jọ á sì tún pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Báwo lo ṣe ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀?

Fóònù tó dára tó fún un, tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ní máíkì tirẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá gbà á tán, mo máa ń tọ́jú ohùn náà lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ìró rẹ̀ ní ìgbà 16,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ìwọ̀n tí púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí ń lò nìyẹn. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà kò dára fún un. Ti àkùkọ kò burú tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le ni pé bí àgbàlagbà bá ti rí máíkì, ó máa ń pààrọ̀ ẹnu. Ẹni tó ń sọ Ìjùmú wẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú tó kọjá á gbé ara ró, á wá máa sọ Yorùbá inú rédíò. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún mi. Láti kékeré ni wọ́n ti gbọ́ pé bí a bá ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, ti ilé kọ́ là ń sọ. Nítorí náà, n kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹni méjì tó mọra ni mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tàbí ìyàwó ilé méjì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kàn wọ́n: bí iṣu ṣe ṣe lọ́dún yìí, bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́ tí kò fi ní korò, ìgbéyàwó ta ló dùn jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á gbàgbé máíkì. Gbólóhùn tó dára jù tí mo ní, ibi tí àwọn méjì ti ń jiyàn ló ti jáde.

Lẹ́yìn náà ni kíkọ sílẹ̀. Ẹni méjì tó jẹ́ ọmọ ìlú yẹn gan-an ni yóò kọ ohun kan náà, láìwo iṣẹ́ ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, a máa pe àgbà kan sí i. Ìdí ni pé a kò tíì ní ìlànà kíkọ kan tí gbogbo Òkun gbà, ọ̀rọ̀ kan náà lè jáde lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ Bùnú kọ́ ni mo máa ní kó kọ ti Yàgbà. Mo tún máa ń san owó àsìkò wọn fún wọn, ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó kọ ọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Kò yẹ kí a fi ọpẹ́ nìkan san án.

Ṣé kò ní di pé wọ́n ń jí ohùn wa, tàbí tí àṣírí ilé á tú?

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ohùn tó ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí bí a ṣe máa kó o padà. Kí n tó tẹ bọ́tìnnì, mo máa ń ṣàlàyé ní èdè ilé ohun tí a máa fi ohùn náà ṣe, ta ni yóò gbọ́ ọ, àti pé ẹni náà lè ní òun kò ṣe mọ́. Orúkọ kì í bá ohùn lọ. Nọ́ńbà ni mo máa ń fún un. Orin egúngún, oríkì tí ìdílé ní kó má jáde, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù, n kì í gbà á rárá, bó ti wù kó dùn tó. Bí ìyẹn bá ṣèèṣì wọ inú ọ̀rọ̀, mo máa ń gé e kúrò kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni àgbẹ̀ tàbí ìyá tó ń tajà máa rí jẹ níbẹ̀?

Mi ò ní ṣèlérí ohun tí kò tíì sí. Ohun tí mò ń lé ni kí ẹni tí kò kàwé lè sọ̀rọ̀ sínú fóònù bó ṣe ń sọ ọ́ nílé, kí ó rí i pé ohun tó sọ náà ló jáde. Bí ìyẹn bá ti dúró, ẹlòmíràn lè kọ́ nǹkan lé e lórí: kí màmá arúgbó lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún fún nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kí àgbẹ̀ lè béèrè nípa òjò láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́.

Iná àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńkọ́?

Sólà ni mo fi ń ṣe gbígba ohùn àti kíkọ sílẹ̀. Kíkọ́ ètò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ agbára ju lápútọ́ọ̀pù lọ, kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn ni mo ń lò fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi òru ṣe é.

Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, kí lo máa ń ṣe?

Ayò ni àkọ́kọ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ènìyàn méjì. Bí a bá ka èyí tán, kékeré ni lójú. Ní 2002, Romein àti Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣírò awari, tí òun àti ayò jẹ́ ọmọ ìyá, láti ìparí dé ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà lè gbà wà nínú ihò jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn, àmọ́ ohun tó ń fà mí sídìí ọpọ́n ni ọ̀nà tí ọ̀ta ayò ń gbà ronú. Kò sí àgbà tó lè ka ìdá kékeré nínú iye yẹn. Wọ́n máa ń wo ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ta, wọ́n á mọ ihò tó ń ṣọ́, wọ́n á kó ọmọ jọ sójú kan, wọ́n á sì dúró de ìgbà tí yóò tú u. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí a ṣe lè yan ohun díẹ̀ tó yẹ ní wíwò láàárín ohun tí kò lóǹkà ni ìbéèrè tó ga jù. Àwọn àgbà tó ń jókòó sábẹ́ igi ń ṣe é láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Wọ́n ní o tún ń kọ́ aṣọ híhun. Kí ni ìyẹn bá kọ̀ǹpútà dà pọ̀?

Ó bá a dà pọ̀ gan-an. Bí obìnrin bá jókòó sí iwájú òfì tó dúró ní ilẹ̀ wa, òwú kan wà lóòró, òmíràn ń gba ìbú kọjá. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, ohun méjì péré ló lè ṣẹlẹ̀: kí ti ìbú gba òkè kọjá, tàbí kó gba abẹ́. Ẹ kọ òkè ní 1, ẹ kọ abẹ́ ní 0, gbogbo ọnà aṣọ ti di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Joseph-Marie Jacquard ṣe ní Faransé ní nǹkan bí 1804 fi èyí ṣiṣẹ́: páálí tí a lu lihò ló ń sọ fún un òwú tí yóò gbé. Charles Babbage mú páálí yẹn sínú ẹ̀rọ ìṣirò tó fẹ́ ṣe, Ada Lovelace sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1843, ó ní ẹ̀rọ náà yóò máa hun ìṣirò bí ti Jacquard ṣe ń hun òdòdó àti ewé.

Bùnú ni wọ́n ti ń hun aṣọ pupa tí à ń pè ní ìpò, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Èmi kò dé ìdí rẹ̀, kò sì yẹ kí n sáré débẹ̀. Kíjìpá funfun tó ní ìlà aró ni mò ń kọ́. Màmá tó ń kọ́ mi kì í kọ ọnà sílẹ̀. Ó ń kà á lẹ́nu bó ṣe ń hun, mo sì ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn láti gba kíkà yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òfì tó wà níbẹ̀, mi ò tíì rí i nínú ìwé kankan. Ní Ògìdì, Nike Davies-Okundaye tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ti ń jẹ́ kí aró àti aṣọ wa gbajúmọ̀ kárí ayé, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí ọmọdébìnrin tó ń torí tiwọn jókòó ti òfì.

Ìyẹn nìkan?

Mo tún ń gun òkè. Àwọn àpáta tó yí Kàbà ká, àti Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, níbi tí ènìyàn ti lè rí Ọya àti Bẹ́núé bí wọ́n ṣe ń pàdé. Bọ́ọ̀lù, mo ń wò ó. N kì í gbá a.

Àbúrò mi fẹ́ ka irú ẹ̀kọ́ yìí. Kí ló yẹ kó mọ̀?

Kó má sá fún ìṣirò, pàápàá èyí tó jẹ mọ́ mátíríìsì àti ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀. Kó kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà; ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó wá àwọn Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà; iṣẹ́ wọn wà ní gbangba, wọn kì í sì í lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ tó mọ ètò kíkọ dáadáa ni kò mọ ìyẹn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ìyá ìyá rẹ̀ bá ṣì wà, kó lọ jókòó tì í lọ́dún yìí. Ṣáájú kó tó gboyè ni kó lọ.

Mo fẹ́ fi ohùn mi ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ ṣe é nílé, pẹ̀lú ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí ẹnu, ẹ má gbé e dání. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ìlú yín àti ibi tí ẹ ti dàgbà, ẹ má dárúkọ ara yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun kan tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe oko ni, bó ṣe oúnjẹ ni. Bí ẹ bá rí i pé ẹnu ti fẹ́ yí sí ti rédíò, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ ṣe ń kí i láàárọ̀, kí ẹ tó máa bá a lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi ju wákàtí kan tí a kà láti inú ìwé lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù méjì, bí mo bá dé sí ìlú yín, màá wá gbà á.